Àfòpiná Sányán: Ẹ̀dá Kan, Orúkọ Mẹ́rin

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí kòkòrò kékeré kan tí ń gbé inú igbó àti oko kòkó wa ní Ìdànrè. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ tún un kà. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro wà ní ìparí ẹ̀kọ́.

Bí àgbẹ̀ bá rí ẹ̀dá yìí lára igi, á ní kòkòrò onírun ni. Bí ìyá ọlọ́jà bá dín in tán, tó gbé e sórí àtẹ, á ní ẹran ni. Bí ahunṣọ bá rí ilé rẹ̀, á ní sányán ni. Bí ọmọdé bá rí i tí ó ń fò yí àtùpà ká lálẹ́, á ní àfòpiná ni. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò purọ́. Ẹ̀dá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ apá kan tí kò mọ apá yòókù lè ṣe ara rẹ̀ ní ibi, ó sì lè ba ohun rere jẹ́ láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ mọ ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, àwa yóò máa pè é ní kòkòrò sányán nígbà tí kò tíì ní ìyẹ́, a ó sì máa pè é ní àfòpiná nígbà tí ó bá ti lè fò.

1. Ibi tí ó ń gbé

Gbogbo wa la mọ àwọn òkè Ìdànrè. Orí òkè ni àwọn baba wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn lọ sókè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ bí àpáta ti í gbóná tó. Kòkòrò sányán kò lè gbé orí àpáta lásán, nítorí kò ní rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ilẹ̀ ti jìn tí igbó sì ṣú, ni ilé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni igi arère ń hù.

Arère ga púpọ̀, ó sì tọ́. Ewé rẹ̀ dà bí àtẹ́lẹwọ́ tí a la ìka rẹ̀. Igi rẹ̀ funfun, ó fúyẹ́, kò sì nira láti rẹ́. Nítorí náà ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe fẹ́ràn pákó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa dá a sí nínú oko kí ó lè ṣíji bo kòkó. Ewé arère yìí ni oúnjẹ kòkòrò wa. Bí kò bá sí arère, kò sí òun náà.

Ó ní àwọn ìbátan. Ọ̀kan ń jẹ ewé ìrà. Òmíràn ń jẹ ewé ayùnré. Ní ilẹ̀ Haúsá, níbi tí òjò kò ti pọ̀ tó tiwa, ìbátan rẹ̀ ń jẹ ewé àjàgbọn. Tsamiya ni àwọn Haúsá ń pe igi àjàgbọn. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe òwú tí wọ́n ń rí lára kòkòrò náà. Ẹ rí i pé ewé ni ó ń sọ ibi tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan yóò gbé.

2. Ẹyin

Abo àfòpiná a máa yé ẹyin sí abẹ́ ewé. Kì í yé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan káàkiri. Ojú kan náà ni yóò yé gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n sì lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Irun rírọ̀ kan wà ní ìdí abo náà. Bí ó bá ti ń yé ẹyin ni yóò máa fi irun yìí bò ó, bí ìyá ti í fi aṣọ bo ọmọ rẹ̀ nígbà òtútù. Ọ̀tá kò ní tètè rí i.

Lẹ́yìn èyí, ìyá kú. Kì í dúró wo àwọn ọmọ rẹ̀. Irun tí ó fi bo ẹyin ni ogún tí ó fi sílẹ̀ fún wọn.

3. Kòkòrò

Bí ẹyin bá pa, kòkòrò wẹ́wẹ́ á jáde. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, òun ni oúnjẹ jíjẹ. Bí wọ́n ti ń tóbi, awọ ara wọn á fún mọ́ wọn, wọ́n á bọ́ ọ sílẹ̀ bí ejò ti í ṣe, òmíràn á sì ti wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọn kì í tú ká. Ibi tí ọ̀kan bá wà ni gbogbo wọn wà. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ jẹun lórí ẹ̀ka mìíràn, wọn á tò tẹ̀lé ara wọn, bí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń tò wọ kíláàsì. Ní àkókò òjò ni a ń rí wọn. Nígbà mìíràn wọ́n lè jẹ ewé igi arère kan tán pátápátá.

Irun ara wọn kì í ṣe ohun ìṣeré. A máa yún ni gan-an bí ó bá kan ara, ó sì léwu bí ó bá bọ́ sí ojú. Irun yìí ni ohun ìjà wọn. Síbẹ̀, wọ́n ní ọ̀tá. Èèrà ń pa wọ́n. Àwọn agbọ́n kéékèèké kan àti irú eṣinṣin kan a máa yé ẹyin sí wọn lára. Bí ẹyin náà bá pa, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa jẹ kòkòrò sányán láti inú wá títí yóò fi kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí a bí, díẹ̀ ni yóò dàgbà tó láti fò.

4. Ilé

Nígbà tí kòkòrò bá dàgbà tó, kò ní jẹun mọ́. Gbogbo agbo náà á péjọ sí ojú kan lára igi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́. Láti ẹnu wọn ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń jáde, òun ni wọ́n fi ń hun ilé náà. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n á kọ́kọ́ hun àpò ńlá kan tí yóò gba gbogbo wọn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì le bí ìwé tí ó nípọn. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á hun yàrá tirẹ̀ sínú ilé ńlá náà. Nínú ilé kan, yàrá lè ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí ó bá ti wọ inú yàrá rẹ̀ tán, kòkòrò náà á sùn. Kò jẹ, kò mu, kò rìn. Ẹni tí ó bá wò ó á rò pé ó ti kú. Kò kú o. Ara rẹ̀ ni ó ń tún ṣe. Ẹnu tí ó fi ń jẹ ewé ń lọ, ìyẹ́ sì ń hù. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì.

5. Àfòpiná

Nígbà tí àkókò bá tó, ó jáde. Kò jọ èyí tí ó wọlé mọ́. Ó ti ní ìyẹ́ funfun tí ó pọ́n díẹ̀ bí ìpara, tí ilà aláwọ̀ ilẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ara rẹ̀ ki, irun sì bò ó.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Ṣé labalábá kọ́ nìyẹn?" Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀. Ọ̀sán ni labalábá ń fò, òru ni àfòpiná ń fò. Bí labalábá bá bà, a sábà máa ká ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀ sókè. Bí àfòpiná bá bà, a sábà máa tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ bo ara bí òrùlé. Ara labalábá tẹ́ẹ́rẹ́, ti àfòpiná ki.

Àfòpiná sányán kì í jẹun rárá. Oúnjẹ tí ó jẹ nígbà tí ó jẹ́ kòkòrò ni ó gbé e ró. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó ní láyé. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni akọ yóò wá abo, tí abo yóò sì wá igi arère tí yóò yé ẹyin sí. Ẹ rántí òwe àwọn àgbà: àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Èyí tí ó bá bá iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ní rí ẹyin yé mọ́.

6. Aṣọ tí ó fún wa

Àwọn àgbà máa ń sọ pé sányán ni baba aṣọ. Lára ilé tí àwọn kòkòrò yìí hun ni òwú rẹ̀ ti wá. Àwọn tí ń ṣe é á kó ilé náà jọ, wọ́n á ṣà á mọ́, wọ́n á sè é nínú omi eérú títí yóò fi rọ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á sì ran án bí a ti ń ran òwú oko. Òwú náà á wá bọ́ sí ọwọ́ ahunṣọ, bí irú àwọn tí ó wà ní Ìṣẹ́yìn. Àwọ̀ sányán kì í ṣe aró. Bí kòkòrò ti hun ún ni àwọ̀ rẹ̀ rí.

Òwú àlàárì ọ̀tọ̀ ni. Òwú pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì àtijọ́ wá láti ilẹ̀ Yúróòpù. Ràkúnmí ni ó rù ú láti Tripoli la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kánò, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sányán ní tirẹ̀, inú igbó wa ni ó ti wá.

Àwọn ará Ṣáínà náà ní kòkòrò tí ń hun ṣẹ́dà. Inú ilé ni wọ́n ti ń sìn ín, wọ́n ń já ewé fún un jẹ. Tirẹ̀ a máa dá ilé kọ́, okùn kan ṣoṣo ni ó sì fi ń hun ilé náà. Okùn yìí lè tó mítà 1,000 ní gígùn. Kí okùn náà má bàa já, wọ́n á fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ kí ó tó dá ilé lu.

Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, nítorí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn sányán kò ṣeé fà jáde ní odindi. Ńṣe ni a ń ran án. Nítorí náà, bí àfòpiná bá tilẹ̀ ti lu ilé náà tí ó sì ti fò lọ, òwú ara ilé náà ṣì wúlò. Kò di dandan kí a pa kòkòrò kí a tó rí sányán.

7. Jíjẹ rẹ̀, àti àìsàn tí ó lè mú wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà tiwa ń jẹ kòkòrò sányán. Kò burú. Ó ní èròjà tí ń mú ara dàgbà àti ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ní 1958, àwọn dókítà méjì, Wright àti David Morley, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń ṣe àwọn ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ìlẹ́ṣà. Ìgbà òjò ni àìsàn náà ń wá, láti bí oṣù keje títí dé oṣù kẹwàá. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní àárọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí ojú rẹ̀ máa ṣú, kí ọwọ́ àti ara rẹ̀ máa gbọ̀n. Yóò máa rìn bí ẹni tí ó mu ọtí yó. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè máa wúwo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò mọ ohun tí ń fà á. Ẹ mọ bí a ti í sọ̀rọ̀ nígbà tí a kò bá mọ ìdí ohun kan.

Láti 1993 ni dókítà Adamolekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi hàn pé kòkòrò sányán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ kí àìsàn náà tó kọ lù wọ́n. Ní 1994, wọ́n ròyìn pé wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní fítámì B1, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní ohun tí kò ní oògùn nínú. Àwọn tí ó gba fítámì B1 ni ara wọn yá jù. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ará Jàpáánù fi hàn pé ohun kan wà nínú ara kòkòrò náà tí ń ba fítámì B1 jẹ́, àti pé ìgbóná díẹ̀ kò tó láti pa ohun náà.

Kí ni fítámì B1 ń ṣe nínú ara? Òun ni ara fi ń lo oúnjẹ bí iyán, ẹ̀bà àti fùfú. Bí irú oúnjẹ yìí bá ti pọ̀ tó ni ara ṣe ń fẹ́ B1 tó. Àwọn oúnjẹ wọ̀nyí kò sì ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, tí kò rí ẹ̀wà tàbí ẹran jẹ, B1 ara rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wá fi kòkòrò sányán tí kò jinná jẹ ẹ̀bà, èyí tí ó kù á run. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nítorí náà:

Ẹ sè é kí ó jinná dénú kí ẹ tó dín in. Èyí tí a kàn yan díẹ̀ lórí iná kò tó.

Ẹ má fi ṣe ẹran ojoojúmọ́.

Ẹ máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ní pàtàkì ní ìgbà òjò. B1 wà nínú wọn.

Ẹ má fún ẹni tí kò jẹun kánú, aláìsàn tàbí aláboyún.

Bí ara ẹnikẹ́ni bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó jẹ kòkòrò yìí. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa sọ pé ayé ni ó ń ṣe é. Àìsàn yìí ní ìtọ́jú.

8. Ìbéèrè àgbẹ̀ kan

Irú ìbéèrè báyìí sábà máa ń wáyé ní kíláàsì wa:

"Ọ̀gá, kòkòrò tó ń jẹ ewé igi tán, ṣé kò yẹ kí a pa gbogbo rẹ̀ run ni?"

"Rárá, Bàbá. Arère tí wọ́n jẹ ewé rẹ̀ á tún rúwé. Ayùn ni kì í jẹ́ kí ó rúwé mọ́."

"Bí àwa kò bá kó o, ẹlòmíràn á kó o."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Bí a bá rí agbo mẹ́wàá, tí a kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ta ni yóò yé ẹyin ti ọdún tí ń bọ̀? Àgbẹ̀ kì í jẹ èso àgbàdo rẹ̀ tán. Bí ẹ bá kó díẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, àfòpiná á jáde, á yé ẹyin. Lẹ́yìn náà ẹ lè lọ já òfìfo ilé náà fún àwọn oní-sányán."

Wọ́n ń ṣe irú èyí níbòmíràn. Ní igbó Kakamega ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ kòkòrò láti ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní icipe ti bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ lórí ìbátan kòkòrò wa. Igi kan tí ó jẹ́ ẹbí ìrà wa ni ti ọ̀hún ń jẹ. Wọ́n fi àwọ̀n bo ẹ̀ka igi kí agbọ́n àti èèrà má bàa rí kòkòrò náà pa. Èyí tí ó dàgbà pọ̀ sí i.

Lónìí, púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ sányán kì í ṣe sányán. Òwú lásán ni, tí a rẹ kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ ọ́. Sányán gidi ti wọ́n. Arère tí a gé tí a kò gbin òmíràn rọ́pò, agbo kòkòrò tí a kó tán pátá láìku ọ̀kan, méjèèjì wà lára ohun tí ó lè sọ ọ́ di ìtàn. Ẹni tí ó ní oko lè dá arère kan tàbí méjì sí. Ẹni tí ó ń kó kòkòrò lè fi agbo díẹ̀ sílẹ̀. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro

Ahunṣọ: ẹni tí ń fi òwú hun aṣọ.
Òfìfo: ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.
Ìbátan: ẹni tàbí ohun tí ó jẹ́ ẹbí òmíràn.
Aṣálẹ̀: ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ sí.
Fítámì: èròjà kékeré nínú oúnjẹ tí ara kò lè ṣe aláìní.

Ìbéèrè

1. Kí ni kòkòrò sányán tiwa ń jẹ? Èé ṣe tí kò fi lè gbé orí àpáta?
2. To àwọn nǹkan wọ̀nyí bí wọ́n ti ń tẹ̀lé ara wọn: ilé, ẹyin, àfòpiná, kòkòrò.
3. Sọ ohun méjì tí àfòpiná fi yàtọ̀ sí labalábá.
4. Èé ṣe tí òfìfo ilé fi wúlò fún oní-sányán tiwa, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà?
5. Ara ọmọ aládùúgbò rẹ ń gbọ̀n ní oṣù kẹjọ, kò sì lè rìn dáadáa. Kí ni ìwọ yóò béèrè? Kí ni ìwọ yóò sọ fún ìyá rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Nígbà tí o bá tún lọ sí oko, ka iye igi arère tí ó wà níbẹ̀. Kọ iye náà sínú ìwé rẹ, kí o sì kọ ọjọ́ tí o kà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ìwòyí èmíì, tún un kà.